Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ ajá mi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní abo ajá kékeré kan, Lhasa ni, oṣù méje ló wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sórí táìlì, àwọn akọ ajá àdúgbò sì sùn sẹ́nu géètì wa mọ́jú. Dókítà ẹran tó ń gún un lábẹ́rẹ́ ní tí èyí bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí n jẹ́ kí òun yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kó bí lẹ́ẹ̀kan ná, pé ọmọ Lhasa kì í pẹ́ tà, àti pé ajá tí kò bímọ rí, ara rẹ̀ kì í dá. N ò mọ ẹni tí mo máa gbọ́ tiẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é àti ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi.

Ìyá Tanímọ̀la, Ìbàdàn

Àbúrò mi, màá sọ tèmi láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń wá ọmọ ni ọkọ mi gbé Tanímọ̀la wọlé, nínú páálí bàtà. Ó funfun, irun bò ó lójú, kò ju ìkúùkù méjì lọ. Ọkọ mi ní kí ilé má baà dákẹ́ jù ni. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, dókítà bá mi sọ irú ohun tí wọ́n bá ọ sọ yìí. Mo ní mo ti gbọ́. N ò padà lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí orí òkè tí n ò dé, kò sí àgbo tí n ò mu, àwòrán ilé ọmọ tèmi alára tí wọ́n ń yà káàkiri ọsibítù kún inú dúrọ́ọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé ọmọ létí mi, ara mi á bù máṣọ. Ìyá ọkọ mi, tó fẹ́ràn mi dénú, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó mi, ẹni tó ń tọrọ ọmọ kì í dí ọ̀nà ọmọ, ì báà ṣe ti ajá." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo sì gbà á gbọ́. Lójú mi, tí mo bá fi owó ara mi ní kí wọ́n la inú ajá yẹn, ńṣe ni mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn tí mò ń kàn.

Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, á wá akọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá wọ pátá ọmọdé fún un, màá tì í mọ́lé, ọkọ mi á máa da omi lé àwọn akọ lẹ́nu géètì. N ò jẹ́ kí akọ kankan gùn ún, n ò sì yọ ilé ọmọ. Mo rò pé mo fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a ni.

Ó pé ọmọ ọdún méje. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tó wá akọ tán, mo rí i pé abọ́ omi rẹ̀ ń tètè gbẹ. Mo bu omi sí i láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ. Mo ní oòrùn ló mú. Ó wá ń tọ̀ sínú ilé, ajá tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lá abẹ́ rẹ̀ ṣáá, ohun yòówù tó bá ń jáde níbẹ̀, ká tó rí i ó ti lá a tán. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kọ ẹ̀dọ̀ adìẹ, ẹ̀dọ̀ tó máa ń fi ẹsẹ̀ méjì dúró tọrọ. Mo gbé e lé itan. Ikùn rẹ̀ le, ó sì gbóná. Nígbà tí mo gbé e kúrò, àbààwọ́n kan wà lára ìró mi, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọbẹ̀ ata tó ti kan, òórùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ.

Dókítà tó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ọyún ló kún ilé ọmọ rẹ̀." Èmi gbọ́ oyún. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí mi nínú, n ò lè purọ́. Mo ní báwo ló ṣe lóyún, akọ ò gùn ún rí? Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá rọra tún un sọ: "Ọyún ni mo wí, mà. Ọyún. Kì í ṣe oyún."

Ó fi ọwọ́ tọ́ka rẹ̀ fún mi. Ilé ọmọ ajá kò rí bíi tèèyàn, ó la sí méjì bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Lára ajá kékeré, kò yẹ kó nípọn ju pẹ́ńsù lọ. Ti Tanímọ̀la wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ìgbà tí abo ajá bá wá akọ tán, ì báà lóyún, ì báà má lóyún, ara rẹ̀ á máa ṣe bí ara olóyún fún bí oṣù méjì. Inú ilé ọmọ á nípọn, ẹnu rẹ̀ á pa dé, agbára tó fi ń lé kòkòrò á rọlẹ̀. Kòkòrò tó bá ti gba ẹ̀yìn wọlé kí ẹnu ibẹ̀ tó pa dé ti ráàyè nìyẹn. Bó bá sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ilé ọmọ náà á máa bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Sweden, níbi tí wọn kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ yọ ilé ọmọ ajá, àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò fi hàn pé nínú abo ajá 4, bí 1 ni àrùn yìí máa ń mú kó tó pé ọdún 10.

Òru ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ rí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà nínú básíà. Ajá kílò mẹ́fà ni Tanímọ̀la, ohun tó wà nínú básíà yẹn lé ní àbọ̀ kílò. Mo dúró tì í títí. Ohun tí mo ń ṣọ́ láti ọdún yìí wá nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ló tó jẹun. Owó tí a san tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí dókítà àkọ́kọ́ dá lé wa, ká má tíì sọ pé ara tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ oorun. Ìyá ọkọ mi wá wò ó. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Má bínú sí mi." Ajá ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi náà wà nínú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìyá Tanímọ̀la, ẹ kú ewu. Olúwa á fi èyí tó kù ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kí ọkọ yín fún mi. Bó ṣe ń rò yẹn lèmi náà ṣe rò. Mo ti ta ọmọ ajá, owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣírò ó dáadáa. Ajá kékeré kì í bí rẹpẹtẹ. Tèmi bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Oyún ajá tó bí ọjọ́ 63, ẹ óò tún tọ́ ọmọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, oògùn aràn, abẹ́rẹ́, oúnjẹ ìyá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tó ń fún wọn lọ́mú, mo jí lóru mo bá a tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le gírí, tó ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ìyàwó mi ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Mo ti bu epo pupa, mo fẹ́ dà á sí i lẹ́nu, kí dókítà tó gbé fóònù. Ó ní n ò gbọdọ̀ dán an wò, pé ẹ̀dọ̀fóró lepo yẹn máa gbà lọ. Kálísíọ̀mù ló tán lára rẹ̀, ọmú ló fà á tán. Àwọn ajá kéékèèké ló sì máa ń ṣe jù. Wọ́n fi í sí i nínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, dókítà ń gbọ́ àyà rẹ̀ bó ṣe ń fi í sí i. Ojú wa ni gbígbọ̀n náà ṣe dúró.

Mo tún jẹ́ kó lóyún. Èyí ni mo kábàámọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi, orí rẹ̀ há. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń rọbí, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ká tó là á. Ọmọ ti kú. A yọ ilé ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ní ti pé ó gbọ́dọ̀ bí lẹ́ẹ̀kan kí ara rẹ̀ tó dá, mo bi dókítà mẹ́ta, kò sí èyí tó gbè é lẹ́yìn.

Àbíkẹ́yìn, Peckham, London

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Kí àǹtí má baà rò pé yíyọ ilé ọmọ kò ní àléébù kankan ni mo ṣe fẹ́ sọ tèmi.

Níbí, ọjọ́ tí o bá gbé ọmọ ajá lọ fún abẹ́rẹ́ ni wọ́n á ti bi ọ́ ìgbà wo lo fẹ́ ṣe é. Oṣù mẹ́fà ni mo ṣe ti tèmi, kó tó wá akọ rárá. Ọmú rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù, torí ìyá rẹ̀ ní kókó ọmú tó di jẹjẹrẹ, wọ́n sì sọ fún mi pé bí ìgbà tó ń wá akọ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu yẹn ṣe ń pọ̀ sí i. Láàárín ọdún kan ó kúrò ní kílò mẹ́ta, ó di mẹ́rin àbọ̀. Ẹ̀bi mi ni, oúnjẹ tí mo ń fún un kò dín. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lójú oorun. Kò mọ̀ rárá, á jí, á rí ibùsùn tó tutù, á lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àga. Ìyẹn dùn mí ju omi tí mò ń nù lọ. Àwọn ajá ńlá ló sábà máa ń ṣe, ó ṣe tèmi náà. Ó ń lo oògùn olómi lójoojúmọ́, ó sì ti dáwọ́ dúró.

Ti oríkèé ríro tí àwọn kan ń sọ pé yíyọ ilé ọmọ máa ń fà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Kalifóníà ní Davis gbé àbájáde jáde ní 2020 lórí irú ajá 35. Lára púpọ̀ nínú àwọn ńláńlá ni wọ́n ti rí i, wọn ò rí i lára àwọn kéékèèké. Tí n bá tún ní òmíràn, màá tún ṣe é. Àmọ́ èyí tó ti wá akọ, bíi tiyín, wọ́n máa ń ní kó tó bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ níbí kí wọ́n tó ṣe é, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀ kó tó tó àkókò yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ibi tí Bàbá Ìbejì ti sọ ọ̀rọ̀ epo pupa ló ti ní kí n tún un kà. Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Tanímọ̀la, kí ni kí n bi dókítà kí ọjọ́ tó pé?

Ìyá Tanímọ̀la, Ìbàdàn

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ bèèrè. Ilẹ̀ wa níbí, eégbọn pọ̀, àrùn tí eégbọn ń kó bá ajá sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Ajá á máa ṣeré kiri, o ò ní mọ̀, ọ̀bẹ ló máa fi hàn. Bi í iye wákàtí tí kò gbọdọ̀ fi jẹun, má fi ìfẹ́ inú rẹ fi kún un, ṣúgà ara ajá kékeré kì í pẹ́ wálẹ̀. Bi í bóyá wọ́n máa fún un ní oògùn ìrora gbé wálé. Lẹ́yìn náà, má jẹ́ kó fo àga fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, má sì bọ́ ike ọrùn yẹn bó ti wù kó sunkún tó. Bọ́jọ́ bá pé, fi ìró kan tí o ti wọ̀, tí o kò tíì fọ̀, sínú ibi tó máa sùn sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mà, a lọ lónìí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e. Àyẹ̀wò náà mú àrùn eégbọn jáde, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ, ó ń sáré, kò sí ohun tó ṣe é lójú mi. Dókítà ní ká lo oògùn fún ọjọ́ 28, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, nígbà tí oṣù mẹ́ta bá sì pé, kí wọ́n ṣe é. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná. Mo ti yọ ìró náà sọ́tọ̀.