Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì mẹ́fà: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń gbẹ́gi, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Màmá kan ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí n ṣe ìlẹ̀kùn méjì sí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwo sí, gíláàsì mẹ́fà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Wọn ò fẹ́ kí n lẹ igi mọ́ ojú gíláàsì ńlá kan. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tirẹ̀. Inú mi dùn sí i, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ọ̀gànwó ni mo lò.

Bíìtì méjì tí a ṣe fún ara wọn, ìyẹn irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gé igi, ni rútà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ọnà sára igi, ń lò fún un. Ọ̀kan ń gé etí igi lọ gbọọrọ: ó ń ṣe ọnà síwájú, ó ń gé ibi tí gíláàsì máa jókòó sẹ́yìn. Èkejì ń gé orí igi kó lè bá ọnà yẹn mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Fírémù ò fún mi ní wàhálà. Ìlẹ̀kùn fẹ̀ ní 450 mìlímítà, igi òró kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50, àárín wọn ku 350. Mo fi 20 kún igi ìdábùú, 10 lọ́tùn-ún, 10 lósì, nítorí ibi tó máa wọnú igi òró. Ẹ má gbàgbé 20 yẹn o.

Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín gíláàsì gan-an ni ìjà. Wọn ò fẹ̀ ju 22 mìlímítà lọ. Mo la gbogbo wọn tán, mo wá gbé ọ̀kan sórí tábìlì rútà láti gé orí rẹ̀. Bí bíìtì ṣe kàn án, gbàù! Igi já mọ́ mi lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ lọ lu ògiri. Mo pa ẹ̀rọ, mo ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò sì fọwọ́ kan rútà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo mú pákó tó fẹ̀ tó íǹṣì márùn-ún, mo gé e sí gígùn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà, mo sì gé orí rẹ̀ méjèèjì nígbà tó ṣì fẹ̀, pẹ̀lú àjákù pákó lẹ́yìn rẹ̀ kí igun má baà ya. Orí ló ń ṣáájú etí. Mo wá ṣe ọnà sí etí kan, kí n tó la igi tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára rẹ̀. Etí kejì ńkọ́? Mo fi bíìtì tó ń gé orí igi gé etí pákó mìíràn lọ gbọọrọ, etí ọlọ́nà wọ inú rẹ̀ wẹ́kú. Pákó yẹn ló gbé e kọjá níwájú bíìtì, ọwọ́ mi jìnnà réré.

Nígbà tí mo gbé ìlẹ̀kùn dé Ìkẹ́rẹ́, màmá fi èékánná wá ojú ìsopọ̀ káàkiri. Wọn ò rí i.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Láti Ìjerò: Ọ̀gá mi, a dúpẹ́ pé ọwọ́ yín wà. Iná jẹnẹrétọ̀ ló bá tèmi jẹ́. Rútà ń rẹ̀wẹ̀sì, mo sì dúró láàárín ọ̀nà, etí ìrókò jó dúdú. Mo fi sáńpépà ha á títí ọnà fi pa rẹ́, ni ojú ìsopọ̀ bá là. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń gé e, díẹ̀díẹ̀, n kì í sì í dúró lójú kan.

Láti Ìkọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Gíláàsì mi há jù nínú ilé rẹ̀. Bí mo ṣe ń kan ìṣó sí bídìn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di gíláàsì mú lẹ́yìn, ni gíláàsì là ní igun, gíláàsì kẹfà, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn! Mo ń ní kí wọ́n gé e kéré ní mìlímítà mẹ́ta ní òró àti ìbú báyìí. Mo máa ń tẹ́ páálí sórí rẹ̀ kí n tó gbé òòlù, mo sì ń kun igi tán pátápátá kí gíláàsì tó wọlé.