Ṣé a lè ya owó ọjà sọ́tọ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi ní Àkúrẹ́?

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá mọ̀ nípa òfin owó orí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i. Àwa tá à ń tajà l'Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ fẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi sítòsí ọjà, torí abẹ́ tábìlì tòmátì làwọn ọmọ ọdún méjì ń sùn sí, oòrùn á máa pa wọ́n, kò dáa rárá. A ti kọ lẹ́tà síbi tó yẹ, wọ́n ní kò sówó.

Mo wá kà á pé ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà, láti 2017 ni wọ́n ti ń gba sẹ́ǹtì kan àtààbọ̀ lórí áńsì ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan (áńsì kan tó nǹkan bíi mìlílítà 30), wọ́n sì ń fi lára ẹ̀ sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Níbí náà, òfin 2021 fi náírà 10 lé lítà kan, àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á, ọwọ́ wa ò tó o. Owó ọjà àti owó páàkì ló wà lọ́wọ́ lókàl gómẹ́ǹtì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún fi kún tíkẹ́ẹ̀tì táwọn ìyá wa ń já o, èyí tí wọ́n ń san ti pọ̀ tó.

Ṣé òfin káńsù nìkan tó láti ya díẹ̀ nínú owó yẹn sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì tiẹ̀, àbí ó di dandan kó gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá? Kí la sì máa kọ sínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè kó o ná síbòmíì?