Àmì ara lẹ́tà Cham: báwo ni mo ṣe lè tò wọ́n?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Unicode (ìlànà tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà lórí kọ̀ǹpútà) dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ èdè Cham ti Vietnam ni mò ń kó jọ. Bí mo bá tẹ KA (U+AA06), tí mo fi àmì RA (U+AA34) àti fáwẹ̀lì O (U+AA2F) tẹ̀ lé e, apá òsì KA ni àmì méjèèjì máa ń bọ́ sí. Ìyẹn ò ni mí lára. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan tẹ O ṣáájú RA, bí mo bá wá ọ̀rọ̀ náà, kì í jáde. Ẹ́ tiwa ò le tó báyìí: bó o tẹ àmì ohùn ṣáájú àmì ìsàlẹ̀, NFC (ọ̀nà tí Unicode fi ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà tẹ ọ̀rọ̀ kan náà di ọ̀kan) á tún un tò. Ṣùgbọ́n òdo ni combining class (nọ́mbà tí NFC ń wò kó tó tún àmì tò) àwọn àmì Cham wọ̀nyí, NFC ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ta ló ti kọ nǹkan tó ń tò wọ́n?