Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àdúgbò wa ò gba abẹ́rẹ́ measles mọ́

Sùúrù-Lérè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. À ń ru kúlà kiri nínú oòrùn, wọ́n ń tìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá wọn ò gbé wọn jáde. Wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di àgàn, pé orí WhatsApp làwọn ti gbọ́ ọ. Owó ọkọ̀ wa pàápàá, a ò tíì rí i gbà. Ṣé kí baálẹ̀ máa bu owó ìtanràn lé wọn ni?

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ìtanràn kẹ̀? Wọ́n á kó ọmọ sá lọ sábà ni. Ní Kano, 2003, ọ̀rọ̀ àgàn yìí náà ni wọ́n fi kọ oògùn pólíò. Ìgbà tí wọ́n rí oògùn tó ti Indonesia wá, ilẹ̀ Mùsùlùmí, ni wọ́n tó gbà lọ́dún 2004. Àrùn náà ti ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè míì kó tó dìgbà yẹn.

Bàbá Alákọ̀wé: WhatsApp ló bayé jẹ́. Ẹ lọ bá ìmáàmù àti pásítọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìmáàmù á béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí: ṣé wọ́n ń gbà á tẹ́lẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?

Sùúrù-Lérè: Wọ́n ń gbà á. Apá ọmọ méjì kan ló wú lẹ́yìn ìgbà tó kọjá, ó gba ọyún. Ìdọ̀tí ilé wọn ni. Oògùn wa dára: àárọ̀ la po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi, ìrọ̀lẹ́ la dé ọ̀dọ̀ wọn, VVM rẹ̀, àmì tó ń yí àwọ̀ tí ooru bá ti ba oògùn jẹ́, ò sì yí àwọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Háà! Orí ìdérí ni VVM ti measles wà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Oògùn náà ò ní ohun tó ń pa kòkòrò. Tí a bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, nínú kúlà tútù náà ni o. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ pò ó? Aago méjì ọ̀sán, ó di dídànù, bó tilẹ̀ ku ìdajì. Kòkòrò tó bá wọ inú ẹ̀ lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Ṣé ìgò kan náà lẹ fún àwọn méjèèjì?

Sùúrù-Lérè: Tí a bá da oògùn nù, ọ̀gá máa ń pariwo lé wa lórí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìgò ọmọ mẹ́wàá, ẹ ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo tó bá wá. Ìdànù wà nínú ìṣirò. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ pò ó sára ìgò. Omi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà fi ránṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kó sì ti tutù kẹ́ ẹ tó pò ó.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Orílẹ̀-èdè Samoa, 2018: wọ́n fi oògùn tó ń sọ iṣan di rírọ̀ po abẹ́rẹ́ dípò omi rẹ̀. Ọmọ méjì kú, àwọn òbí sá. Nígbà tí measles dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èèyàn 83 ló pa.

Bàbá Alákọ̀wé: Síbẹ̀, WhatsApp náà...

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá, ọyún ló ṣáájú WhatsApp!

Sùúrù-Lérè: Ṣé kí n wá lọ sọ pé àwa la fà á? Wọ́n á lù wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má sọ ohun tí ìwádìí ò tíì sọ, ẹ má sì purọ́ ìdọ̀tí ilé mọ́ wọn. Ẹ gba fọ́ọ̀mù AEFI, èyí tí wọ́n fi ń kọ ohun búburú tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ DSNO, òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àrùn, ní káńsù lónìí, kí òun náà bá yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ náà lọ fún ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìgò tuntun lójú àwọn ìyá, kí wọ́n rí aago tẹ́ ẹ kọ sí i.

Sùúrù-Lérè: Mo gbọ́, mà. Owó ọkọ̀ dé káńsù ńkọ́?