Èsì: «Olójúṣe» kò tó. Ta ló jẹ wá lẹ́tọ̀ọ́?

Ẹ̀yin ará,

Mo ti ka gbogbo èyí tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ń túmọ̀ ìwé pọ̀rójẹ̀ kan láti èdè Faransé, ìwé tó dá lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin nínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Wọ́n bèèrè ohun tí a ó máa pe «débiteur d'obligations», ìyẹn ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ṣẹ; onígbèsè gan-an ni Faransé ń pè ní «débiteur». Àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó dáhùn pé «olójúṣe» ni. Èmi tí mo ń ṣe ògbufọ̀ níbi ìpàdé àwọn obìnrin ní agbègbè Kétu, ní Benin kan náà, kò fara mọ́ ọn.

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ẹ ní kí a má lo takọtabo fún ọkùnrin àti obìnrin, pé ẹran àti igi ìbẹ́pẹ ló ni akọ àti abo. Bí wọ́n bá bímọ nílé yín ńkọ́, kí lẹ máa ń bèèrè? «Akọ ni àbí abo?» Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó máa lọ. (Àwọn tó túmọ̀ Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 tiẹ̀ gbọ́n jù wá lọ. Níbi tí Faransé ti lo «fraternité», ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ lára arákùnrin, Yorùbá ní kí a máa hùwà sí ara wa «gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá». Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá ọmọ bàbá kún un.) Àwọn ọ̀rọ̀ bí ìjíhìn àti ìkópa kò ní wàhálà, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Orí gbèsè lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2003, àwọn àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè fẹnu kò lórí bí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yóò ṣe máa darí iṣẹ́ ìdàgbàsókè: kí iṣẹ́ náà ró ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ lágbára láti bèèrè rẹ̀, kó sì ró ẹni tí ẹ̀tọ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀ lágbára láti san án. Ojúṣe kò gbé apá kejì yìí dé ibi tó yẹ. Ojúṣe mi ni kí n fún àlejò lómi mu. Bí mi ò bá fún un, á ní èèyàn burúkú ni mí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní padà wá lọ́la wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tí mo jẹ lówó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òun làwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé àtijọ́, máa ń ṣe títí ó fi di orúkọ wọn.

Níbi ìpàdé kan tí mo ti ṣe ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló délẹ̀. Òṣìṣẹ́ pọ̀rójẹ̀ ka abala kẹfà nínú òfin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin, òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, 2013. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìjọba àti àwọn kòmúùnù (ìjọba ìbílẹ̀) gbọ́dọ̀ rí i pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níbi rírí ilẹ̀. Mo yí i sí Yorùbá báyìí: «Ìjọba jẹ yín ní gbèsè.» Ìyá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

«Jẹ wá? Èló?»

Ẹ̀rín sọ. Mo ní kì í ṣe owó o, pé kí orúkọ obìnrin náà lè wọ ìwé ilẹ̀ bíi ti ọkùnrin ni. Ìyá yìí kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí ọkùnrin tó wá láti mẹ́ẹ̀rì, ọ́fíìsì mẹ́yọ̀: «Ìgbà wo lẹ ó san án?» Ọ̀gbẹ́ni náà wo bàtà rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba ADC, ìwé tí mẹ́ẹ̀rì fi ń jẹ́rìí sí ilẹ̀ àjogúnbá. Ká ní olójúṣe ni mo pè é, wọn ì bá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kí oníkálùkù sì gba ilé lọ. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ ní èébú ni ajigbèsè. Mo gbà, ẹni tí gbèsè ti di ìwà fún là ń pè bẹ́ẹ̀. Onígbèsè tutù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́ ní kò sí mẹ́yọ̀ tó máa fọwọ́ sí ìwé tó pè é ní onígbèsè. Òótọ́ ni, n kò rí ọgbọ́n kankan dá sí ìyẹn.

Àníyàn tó kà sí mi jù ni ti àbúrò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), tó ní a fẹ́ sọ gbogbo baálé di onígbèsè ìyàwó. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Bí ẹ bá kàn sọ «ẹ̀tọ́ obìnrin» lójú àwọn àgbà tí ẹ sì dákẹ́, owó ọbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ iyàrá ni wọ́n máa gbọ́, ìjà á sì dé. Ìjọba Benin ló fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí yíya obìnrin sọ́tọ̀, ní 1992. Kì í ṣe baálé kankan. Ìjọba náà ló ṣòfin ìdílé ti 2004, tó ní kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ṣe ń jogún. Baálé ní ìpín tirẹ̀, kó má ṣe dínà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni orúkọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ wọ ìwé gbèsè.

Ohun tí mo dábàá: ẹlẹ́tọ̀ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́, onígbèsè ẹ̀tọ́ fún ẹni kejì. Bí orúkọ náà bá wúwo jù nínú àkọlé, ẹ yí i sí gbólóhùn: «kòmúùnù jẹ yín lẹ́tọ̀ọ́ yìí». Kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣọ́ra ṣáá, nítorí «ó jẹ mí lẹ́tọ̀ọ́» kì í ṣe «ó jẹ ẹ̀tọ́ mi». Ti àkọ́kọ́ ṣì lè san án, èkejì ti gbé e mì.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, báwo làwọn àgbà yín ṣe ń pe onígbèsè tí kì í ṣe ajigbèsè? Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá wà, ẹ tètè fi ránṣẹ́, ìwé náà ò ní pẹ́ wọ ilé ìtẹ̀wé.