Ilé abà tí wọ́n sọ dọ̀tun: ta ló ti wọ irú ẹ̀ rí nínú mọ̀lẹ́bí ẹ̀?

Ọmọ Alábà:
Ẹ kú ilé o. Mo dé abà bàbá ìyá mi lẹ́yìn Ìfẹ́tẹ̀dó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ilé amọ̀ ni. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Àbúrò ìyá mi, Màmá Tíṣà, ló padà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì. A rò pé wọ́n kàn lọ jókòó ti oko ni.

Bí mo ti wọlé, àpò ìdọ̀họ ìkókòkó ni wọ́n fi ṣe kọ́tìnì, òǹtẹ̀ ara ẹ̀ ṣì hàn ketekete. Ìwọ̀n tí bàbá àgbà fi ń wọn kòkó ni wọ́n so kọ́ sí àárín pálọ̀, òdòdó ló wà nínú ẹ̀. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ ni wọ́n dà bo gílóòbù. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú tí wọ́n tan iná sólà, àwọn ẹja àti aláǹgbá ara igbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ògiri. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò wọ́n bí ọmọdé. Asọ̀rọ̀mágbèsì àtijọ́, àpótí rédíò ayé ìgbà yẹn, wà lára ògiri, inú ẹ̀ ni Màmá ń fi awò ojú wọn sí. Nínú àgbàlá, apáàdì ni wọ́n tò lóòró, ọ̀kan ti èkejì bí egungun ẹja, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín.

Ojúlarí:
Fọ́tò dà?

Ọmọ Alábà:
Màmá ní kí n má gbé ilé àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbà fún wọn.

Ojúlarí:
Asọ̀rọ̀mágbèsì nínú abà? Wáyà ni wọ́n fi ń fà á láti ilé iṣẹ́ wọn nínú ìlú. Ìbàdàn rí i ní 1939, kò wọ oko.

Ọmọ Alábà:
Òótọ́ lẹ sọ. Kò sọ̀rọ̀ rí nínú abà. Ilé tí bàbá àgbà ń dé sí ní Ìbàdàn ló wà, Màmá ló gbé e wálé nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù ibẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ ti tẹ egbò mi. Ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, irú àrà tí àwọn Àgùdà kó ti Brazil wọ Èkó, tí àwọn olówó wa wá ń kọ́ káàkiri. Òdòdó sìmẹ́ǹtì yí fèrèsé ká, kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn ń dán nítorí gbogbo ọmọ ilé ló ti jókòó lé e. Ìyá bàbá mi ní kí bíríkìlà lẹ abọ́ tánganran mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abọ́ méjìdínlógún ni. Mo mọ̀ nítorí bí wọ́n bá ní kí n ní sùúrù, oúnjẹ ò tíì jinná, mo máa ń kà wọ́n. Èyí tó ní àwòrán àkùkọ ni tèmi, èyí tó sán ni ti ẹ̀gbọ́n mi, a sì ti tìtorí ẹ̀ jà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kí n tó ti Ìkòròdú dé, katakátá ti wó o.

Ìyá Ìbejì:
Ṣọ́ọ̀bù! Háà!

Akọ̀wé Kékeré:
Ẹ má bínú, mo fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Àwa mẹ́tàlélógójì la ni ilé bàbá àgbà wa ní Iléṣà. Òjò ń wọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn ilé náà lórí fóònù, bó bá di ká ra páànù, kò sẹ́ni tó ń gbé ìpè.

Ìyá Ìbejì:
Ẹni mẹ́tàlélógójì tó bá dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ó lé ọgbọ̀n nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń jò jù.

Akọ̀wé Kékeré:
Ẹ wá bá wa gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́.

Bíríkìlà Àgbà:
Ọmọ Alábà, ṣé sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ilé amọ̀ yẹn? Ẹ ní kí Màmá ṣọ́ ìsàlẹ̀ ògiri. Omi máa ń gba ìpìlẹ̀ gòkè, ó sì máa ń gba ara amọ̀ jáde, oòrùn á fà á. Tí sìmẹ́ǹtì bá bo ojú ẹ̀, omi á há sínú, ògiri á máa rọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, títí sìmẹ́ǹtì á fi bó bí èèpo iṣu sísè. Mo ti tún irú ẹ̀ ṣe, mi ò lè kà á tán. Ẹni tó bá sọ pé ilé amọ̀ ò lálòpẹ́ kò wo òrùlé ẹ̀. Òrùlé tó bá yọ síta dáadáa, òjò ò ní rí ògiri nà. Kí wọ́n sì máa fi amọ̀ rẹ́ ibi tó bá ti ń họ, kí wọ́n má dúró dìgbà tó máa di ihò.

Ọmọ Alábà:
Ẹ ṣeun gan-an, mà á sọ fún wọn lálẹ́ yìí. Iwájú nìkan ni sìmẹ́ǹtì wà. Ẹ̀yìn, amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi pa á, wọ́n wá fi ẹfun àti aró ya bátànì àdìrẹ sí i. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí.

Aláró Òṣogbo:
Bátànì Ìbàdàndùn nìyẹn! Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni, tí wọ́n ṣí ní 1929.

Ojúlarí:
Kí ni ṣíbí ń wá ní Mápó?

Aláró Òṣogbo:
Ìyá mi ní ìlú tó bá dùn, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Lórí aṣọ, ìyẹ́ adìyẹ tí a tì bọ ẹ̀kọ láfún la fi ń yà á. Mi ò rí i lára ògiri rí. Ẹ bá mi bẹ Màmá, mo fẹ́ wá fojú ara mi rí i.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀:
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ apáàdì. Ti Lúwòó nìyẹn, Ọọ̀ni obìnrin tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, tó ní kí wọ́n fi apáàdì tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà Ifẹ̀.

Akọ̀wé Kékeré:
Wọ́n rí irú ẹ̀ ní ilẹ̀ Benin àti Tógò náà. Ṣé Lúwòó ló lọ tẹ́ ìyẹn?

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀:
Ta ló ní kò dé ibẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ìgbẹ́ màlúù yẹn, kì í rùn?

Bíríkìlà Àgbà:
Bó bá ti gbẹ, kì í rùn mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Mo gbàgbé láti sọ pé wọn ò rí gbogbo ẹ̀ wó. Orí kìnnìún kan kù. Àpò ìrẹsì ni mo fi wé e, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà láti ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní kí n wá ibi gbé e sí.

Ọmọ Alábà:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yín fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n ní kí ẹ gbé e wá, ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó wúwo o. Ọjọ́ wo ni Màmá máa ń wà nílé?