Ohùn apá òsì sítẹ́ríò mi ń lọ, ó ń bọ̀: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ. Áńpílífáyà àtijọ́ kan ni mo ń lò nílé. Mo so ẹ̀rọ CD àti gíráàmù tí mo fi ń gbọ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ ọn, sípíkà méjì ló sì ń gbé ohùn jáde. Láìpẹ́ yìí, sípíkà apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lójijì láàárín orin. Nígbà mìíràn, ohùn náà á kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, á máa há, kó tó wá lọ pátápátá. Tí mo bá yí ohùn sókè dáadáa, á ta pàrà, á sì padà wá. Bí mo bá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí orin á fi tán, ó sì lè tún dákẹ́. Mo ti pààrọ̀ wáyà sípíkà méjèèjì, kò yí nǹkan kan padà. N kò fẹ́ máa ra nǹkan lórí àbá lásán. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ibi tí irú àìsàn yìí fara pa mọ́ sí, nígbà tó jẹ́ pé kì í dúró kí a rí i?

Èsì kìíní

Ẹ má tíì tú ohunkóhun. Ọ̀nà méjì tó jọra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni sítẹ́ríò ní, nítorí náà apá ọ̀tún tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ ó fi dán apá òsì wò. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá CD nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí gíráàmù náà. Bó bá jẹ́ gíráàmù nìkan, ẹ fi áńpílífáyà sílẹ̀, kí ẹ wo wáyà tín-ín-rín mẹ́rin tó wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ rẹ̀: funfun àti búlúù ló ń gbé apá òsì, pupa àti àwọ̀ ewé ló ń gbé apá ọ̀tún, ibi tí wọ́n ti kì wọ́n bọ̀ ọ́ sì máa ń dẹ̀.

Bó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ wáyà tó ti ẹ̀rọ CD wọ áńpílífáyà, kí ẹ ki ti òsì sí ihò ọ̀tún, kí ti ọ̀tún sì bọ́ sí ihò òsì. Bí ìdákẹ́ náà bá kọjá sí sípíkà ọ̀tún, ẹ̀rọ CD tàbí wáyà rẹ̀ ló lẹ́bi. Bó bá dúró sí òsì, ẹ dá wáyà yẹn padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ wá ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wáyà sípíkà lẹ́yìn áńpílífáyà. Tí sípíkà ọ̀tún bá wá di èyí tó ń dákẹ́, inú áńpílífáyà ni wàhálà wà. Tó bá jẹ́ pé ti òsì náà ló ṣì ń dákẹ́, sípíkà yẹn fúnra rẹ̀ ni tàbí wáyà rẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí a bá yọ wáyà tí a sì kì í padà, ó ń ha ìpẹtà kúrò lójú irin, àìsàn náà sì lè sinmi fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan. Ìdákẹ́ tí ẹ bá fetí gbọ́ ni ẹ̀rí. Pé ẹ kò gbọ́ ọ kì í ṣe ẹ̀rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó tún dákẹ́ lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè, ṣùgbọ́n pé ohùn ń padà bí ẹ bá yí i sókè ti ń tọ́ka síbì kan. Ojú irin méjì tó yẹ kó kanra ló ti pẹtà: iná kékeré kò lè la ìpẹtà náà kọjá, iná ńlá sì lè já a. Relay, ìyẹn ìsopọ̀ kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa, tó so áńpílífáyà mọ́ sípíkà, ni mo kọ́kọ́ fura sí, èyí tí ẹ máa ń gbọ́ tó ń dún "tá" ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ̀rọ.

Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì tí a fi ń yan ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbọ́, ti balance tó ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún, ti Speakers A àti B tí a fi ń yan sípíkà, àti ti Tape Monitor tó wà fún ẹ̀rọ téèpù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn mọ́ rárá, gbogbo wọn ló ń pẹtà nínú. Ẹ yí wọn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí orin ń lọ. Bí ọ̀kan bá ń mú kí ohùn já tàbí kó padà, ẹ ti rí i: ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fọ́n contact cleaner (oògùn olómi tó ń fọ ìpẹtà ojú irin iná) sínú rẹ̀, kí ẹ sì yí i síwá sẹ́yìn dáadáa. Epo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn áńpílífáyà bóyá ẹ ó rí ihò Pre Out (ibi tí ohùn ti ń jáde láti apá iwájú áńpílífáyà) àti Main In (ibi tó ti ń wọ apá tó ń fún sípíkà lágbára), tí irin kékeré kọ̀ọ̀kan so pọ̀. Tí wọ́n bá wà, orí yín sunwọ̀n, nítorí wọ́n pín áńpílífáyà sí méjì fún yín. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ àwọn irin náà, kí ẹ fi wáyà so Pre Out òsì mọ́ Main In ọ̀tún, kí ẹ sì so ti ọ̀tún mọ́ òsì. Bí ìdákẹ́ bá ṣí lọ sí ọ̀tún, apá iwájú tí àwọn bọ́tìnì wà ló lẹ́bi. Bó bá dúró sí òsì, apá tó ń fún sípíkà lágbára ni, relay sì wà lára rẹ̀. Ẹ má gbára lé headphone fún ìdájọ́ yìí o. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ṣáájú relay ló ti ń gba ohùn; nínú òmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo pààrọ̀ wáyà CD, ìdákẹ́ dúró sí òsì. Mo pààrọ̀ wáyà sípíkà lẹ́yìn áńpílífáyà, ó kọjá sí sípíkà ọ̀tún. Ihò Pre Out àti Main In wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo dá wọn kọjá ara wọn, ojú ìsopọ̀ sípíkà òsì náà ló ṣì ń dákẹ́. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá pa ẹ̀rọ tí mo sì tún un tàn, tí relay tún dún "tá," ohùn sábà máa ń padà. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Èsì kẹta

Ẹ fi wáyà kékeré so ẹsẹ̀ relay náà pọ̀ kí iná máa kọjá tààrà. Wàhálà tán.

Èsì kìíní

Èmi tí mo kọ́kọ́ dáhùn ni mo tún padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Relay yẹn ló ń gé sípíkà kúrò bí transistor (ẹ̀yà tó ń sọ ohùn di ńlá nínú áńpílífáyà) bá bàjẹ́ tí iná DC, irú ti bátìrì, sì fẹ́ tú jáde. Láìsí i, irú iná bẹ́ẹ̀ lè jó wáyà inú sípíkà.

Ní ti ìbéèrè yín, pípààrọ̀ ni mo fara mọ́. Fífọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ideri relay náà bá ṣeé ṣí: ẹ ó fi contact cleaner rin bébà, ẹ ó fà á kọjá láàárín ojú irin méjèèjì. Ẹ má fi sáńpépà kàn án, nítorí fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi bo ojú irin náà, bó bá sì ti hó tán, yóò máa pẹtà kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà níbẹ̀: ìwọ̀n fóòtì tó ń fa irin rẹ̀ (24 ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan), ìwọ̀n iná tí ojú irin rẹ̀ lè gbà, àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tò.

Kí ẹni tó bá máa ṣí i yọ ẹ̀rọ kúrò lójú iná, kó sì fi mítà wọn àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí wọ́n ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn pípa. Bí ẹ kò bá ní mítà, ẹ gbé e fún oníṣẹ́. Kí a tó yọ relay, kí a fi dígí amúnǹkantóbi wo lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù àti èyí tó wà nídìí ojú ìsopọ̀ sípíkà. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú róbótó yí ẹsẹ̀ kan ká, lẹ́ẹ̀dì yẹn ti sán. Òun náà lè fa irú ìdákẹ́ yìí, títún un jó sì lè tó láìra nǹkan kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ wọn iná DC ní ojú ìsopọ̀ sípíkà méjèèjì kí ẹ tó so sípíkà padà. Mìlífóòtì díẹ̀ kò burú. Bó bá tó fóòtì kan, ẹ má so sípíkà mọ́ ọn rárá, nítorí nǹkan mìíràn ti bàjẹ́ nínú rẹ̀.